Bàbá Àgbà, Ohùn Ìyá Kéwú àti Àwo Kíkúnná

Bàbá àgbà mi kì í wo ojú ẹni tó bá ń bá a sọ̀rọ̀. Etí ló máa ń dẹ sí wọn. Á yí orí díẹ̀ sápá òsì, á di ojú, á sì jẹ́ kí o sọ tẹnu rẹ tán. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé oorun ló ń kùn ún. Tí o bá sì sọ tán, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ kì í jẹ́ èsì ọ̀rọ̀ rẹ. Á ní, "O ò tíì jẹun," tàbí, "Òtútù ti mú ọ," tàbí, "Ohun tó o sọ yìí kọ́ lo fẹ́ sọ." Ó sábà máa ń bọ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Jẹ́dà fi ń pè é ní Àlàájì Elétí. Àlàájì Sálíù ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ní àdúgbò wa ní Ghulail, tí o bá béèrè Àlàájì Sálíù, wọ́n á ní àwọn kò mọ̀ ọ́n.

Ó ti kú báyìí. Kí Ọlọ́hun fi ojú àánú wò ó, kí Ó sì jẹ́ kí sàréè rẹ̀ fẹ̀. Mo ń kọ èyí nítorí pé òun ló tọ́ mi, òun ló sì kọ́ mi bí a ṣe ń gbọ́ nǹkan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Mo ń kọ ọ́ pẹ̀lú nítorí pé ó dà mí. Mo ti wá ọ̀rọ̀ tó rọ̀ ju ìyẹn lọ, n kò rí i.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni dída kásẹ́ẹ̀tì kọ. Yàrá iwájú ilé ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ sì wà lórí ara wọn títí dé òkè àjà. Ní àsìkò Hájì, àwọn àlàájì àti àlàájà láti Ìwó, láti Ìṣẹ́yìn, láti Ìlọrin máa ń wá ra wáàsí ní èdè wa, tí wọn á gbé lọ fún àwọn ará ilé tí kò lè wá. Ó ní orúkọ tó fún kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gba ohùn sí níwájú àáfà gan-an, ìyá ni. Òwú pupa ló máa ń so mọ́ ọn, ẹnikẹ́ni kì í sì í fọwọ́ kàn án. Èyí tí a dà kọ láti ara ìyá ni ọmọ. Èyí tí a dà kọ láti ara ọmọ ni ọmọọmọ. Bí kásẹ́ẹ̀tì bá ṣe ń jìnnà sí ìyá ni ariwo kan, bíi ti epo tó ń hó lórí iná, á máa pọ̀ sí i nínú rẹ̀, tí ohùn àáfà á sì máa wọ̀ lọ sábẹ́ ariwo náà.

Bàbá kì í ta ju ọmọ lọ. Ọkùnrin kan gbé kásẹ́ẹ̀tì wá lọ́jọ́ kan, ó ń yangàn pé ọmọ lòun rà ní Mẹ́kà. Bàbá fi sí ẹ̀rọ, ó di ojú. Àáfà kò tíì parí bísímílà tó fi pa ẹ̀rọ náà.

"Ìran kẹta nìyí. Ta ló tà á fún yín?"

"Àlàájì, ẹni tó tà á fún mi búra o."

"Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti búra fún òun náà."

Inú bí ọkùnrin náà. Ó bi í bóyá Bàbá alára kì í ta ọmọọmọ nígbà tí ọjà bá gbóná. Bàbá nawọ́ sí mi níbi tí mo ti ń di kásẹ́ẹ̀tì sínú ọ̀rá. Ó ní, "Ọmọọmọ kan ṣoṣo tí mo ní nínú ṣọ́ọ̀bù yìí nìyí, mi ò sì lè tà á láéláé."

Ẹ ṣì máa gbọ́ nípa gbólóhùn yẹn.

Àwọn èèyàn máa ń fẹ́ kó jẹ́rìí fún àwọn, nítorí wọ́n gbà pé ohun tí kò bá gbọ́ kò ṣẹlẹ̀. Ìgbà kan, àwọn méjì nínú agboolé wa jà, ọ̀kan sì ní èkejì bú ìyá òun. Ẹni tí wọ́n ní wọ́n bú ìyá rẹ̀ yìí ló máa ń bá wa gba ìwé ìgbélùú wa, ìkámà, lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ. A nílò rẹ̀ gidigidi. Ó wá bá Bàbá níwájú gbogbo èèyàn.

"Àlàájì, yàrá yín kọjú sí wa. Ẹ gbọ́ ọ."

"Mo gbọ́ ariwo."

"Ẹ gbọ́ èébú náà."

"Ariwo ni mo gbọ́. Mi ò gbọ́ èébú."

Ọkùnrin náà kò kí wa fún ìgbà pípẹ́, ìkámà ọdún yẹn sì fi ojú wa rí màbo. Ìyá mi, tí ó ṣì wà pẹ̀lú wa nígbà náà, bi Bàbá pé kí ló máa ná an tó bá mi orí lásán. Èmi ló wò dípò kó dá ọmọ rẹ̀ lóhùn. Ó ní, "Ohun tí etí mi bá gbọ́ nìkan ni mo lè jẹ́rìí sí, Múnì. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí etí yìí fúnra rẹ̀ máa sọ̀rọ̀, tí wọn ò sì ní bi ẹnu ní nǹkan kan."

Ìyàwó rẹ̀, Àlàájà Sìdíkátù, ni gbogbo ayé mọ̀ sí Ìyá Kéwú. Ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Alùkùránì nínú pálọ̀ wa. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni èmi náà ti kéwú dé ibi tí mo dé. Bàbá máa ń jókòó sẹ́yìn kọ́tìnnì, bí ẹni pé ó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Tí ọmọ kan bá pe lẹ́tà Lárúbáwá sín bíi sọ́ọ̀dù, á wú ikọ́.

"Àlàájì, ẹ jẹ́ ká ráyè kọ́ ọmọ."

"Ikọ́ ni mo wú."

"Ikọ́ yín mọ Alùkùránì jù."

Kí Ìyá Kéwú tó kú, ó ké Súrátù Yásìn sínú kásẹ́ẹ̀tì kan kí àwọn ọmọ lè máa tẹ̀ lé e. Ilé idáná ló wà nítòsí, kò sì dá ẹ̀rọ dúró fún ohunkóhun. Nítorí náà, tí o bá gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà, wàá gbọ́ bó ṣe mí sínú kó tó mú bísímílà. Ní ìparí rẹ̀, lẹ́yìn àdúà, wàá gbọ́ ọ tó ní, "Múnì, ẹ̀wà ń jóná." Ìyẹn ló kẹ́yìn ohùn rẹ̀ tí a ní. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Bàbá so òwú pupa mọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà. Gbogbo ọjọ́ jímọ̀, tó bá ti kírun dé, á fi sí ẹ̀rọ, á jókòó tì í. Nígbà tó bá sì dé ibi ẹ̀wà, á sọ jẹ́jẹ́ pé, "Lọ wò ó." Èmi náà á dìde, màá ṣe bíi pé mo lọ sí ilé idáná, màá sì padà wá jókòó.

Gbígbọ́ lemọ́lemọ́ yẹn ló ń pa kásẹ́ẹ̀tì náà. Bàbá ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó ní lẹ́tà sín rẹ̀ ti ń kú.

Ibí ni Bùrọ̀dá Kàmọ́rù ti wọlé. Ọmọ ìkẹyìn Bàbá ni, àbúrò ìyá mi. Ẹnjiníà ni, ó wà lẹ́nu iṣẹ́ àdéhùn ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí mọ́sálásí àti gbọ̀ngàn. Bàbá fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í fi pa mọ́ pé kò gbà á gbọ́. Ó ti bẹ̀rẹ̀ ilé kan ní Ìwó, kò kọ́ ọ tán. Ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé gíga kan, kò gbà á. Nídìí oúnjẹ, Bàbá á sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò kò rọ̀: "Kàmọ́rù kì í parí nǹkan." Ọmọ Kàmọ́rù, Hànífà, tí wọ́n bí sí Jẹ́dà tó sì jẹ́ pé Lárúbáwá ló fi ń dáhùn gbogbo ọ̀rọ̀, á ní, "Sáhì, jéddì," pé òótọ́ ni Bàbá àgbà wí. Kàmọ́rù á rẹ́rìn-ín. N kò rò pé ó dùn mọ́ ọn.

Ẹgbẹ̀rún ọdún kejì kù díẹ̀ kó pé nígbà náà, àwọn èèyàn sì ti ń sọ̀rọ̀ nípa irú àwo kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn síídì. Kàmọ́rù ló ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Ó ní síídì máa ń gé ohùn sí wẹ́wẹ́ kó tó tò ó sínú àwo, bí ìgbà tí a bá rẹ́ ilá. Ti àwo tuntun yìí, ó ní rírẹ́ rẹ̀ kúnná fíìfíì, kò ní jẹ́ kí ohunkóhun bọ́ sílẹ̀. Ó ní ìró kéékèèké tó wà lórí lẹ́tà sín, àti èémí, àti yàrá tí ẹni náà jókòó sí, gbogbo rẹ̀ ló máa wà níbẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ rẹ̀ ti dé sí ilé iṣẹ́ àwọn. Bàbá sọ ọ́ lórúkọ lójú ẹsẹ̀: àwo kíkúnná. Ó tú òwú pupa, ó gbé ìyá fún ọmọ rẹ̀. N kò rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ọjọ́ jímọ̀ kan, Kàmọ́rù gbé ẹ̀rọ tuntun kan wá sílé pẹ̀lú àwo méjì. Ó ní síídì lásán ni ọ̀kan, èyí tó fi ìwé wúrà wé ni àwo kíkúnná. Ìyá mi wà níbẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀, àwọn ará ilé kún pálọ̀. Ó kọ́kọ́ fi síídì sí i. Bàbá rọra mi orí. Lẹ́yìn náà, ó fi èyí tó wé wúrà sí i. Bàbá jókòó bó ṣe máa ń jókòó, ó yí orí sápá òsì, ó di ojú. Nígbà tó yá, mo rí i tó la ojú sílẹ̀, tó sì wo Kàmọ́rù. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, "Ó wà nínú yàrá. Kàmọ́rù, o parí rẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù wa tí kò gbọ́ nípa àwo kíkúnná. Á fi méjèèjì sí ẹ̀rọ fún wọn, á sì máa nawọ́ sókè níbi tí lẹ́tà sín bá ti wà. Àwọn mìíràn á ní àwọn gbọ́ ọ. Àwọn mìíràn á kàn wo ilẹ̀.

Èmi kò gbọ́ nǹkan kan. Mo gbìyànjú. Tí Bàbá bá ti lọ sí mọ́sálásí, màá fi ọ̀kan sí i, màá fi èkejì sí i, màá fi etí mọ́ gbohùngbohùn títí á fi máa ro mí. Ohùn kan náà ni, èémí kan náà, ẹ̀wà kan náà. Níkẹyìn, mo sọ fún un. Mo ní, "Bàbá, mi ò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan." Ó di ojú, ó tẹ́tí sí mi bó ṣe máa ń tẹ́tí sí gbogbo èèyàn. Lẹ́yìn náà, ó rọra sọ pé, "Etí rẹ á là. Máa gbọ́ ọ."

Mo gbà á gbọ́. Èmi ni mo jókòó sí àyè Ìyá Kéwú nígbà náà, èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Mo rò ó pé, ẹni tí etí rẹ̀ kò lè gbọ́ ohun tí àgbà gbọ́ kedere, kí ló ń fi ṣe àtúnṣe kéwú ọmọ ọlọ́mọ? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì. Ọmọ kan á pe lẹ́tà, màá ní kó tún un pè, kì í ṣe torí pé ó ṣì í, bí kò ṣe torí pé n kò mọ̀ mọ́ bóyá mo gbọ́ ọ dáadáa. Nígbà tó yá, mo kó wọn lé àáfà obìnrin mìíràn lọ́wọ́. Bàbá rí i. Ó rí pálọ̀ tó dá. Kò sọ nǹkan kan.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù ni Tíṣà Ṣùáíbù, tó ń gbé ní Ka'kiyah ní Mẹ́kà, tó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì. Ó kéré sí Bàbá díẹ̀ lọ́jọ́ orí. Tí wọ́n bá ń ṣe wáàsí Ramadan fún àwọn Yorùbá ní Mẹ́kà, òun ló máa ń tú ọ̀rọ̀ àáfà láti Lárúbáwá sí èdè wa, Bàbá á sì máa gbà á sínú kásẹ́ẹ̀tì. Tíṣà wá sílé wa, Bàbá sì fi àwo méjèèjì sí ẹ̀rọ fún un.

Tíṣà ní, "Kí Ọlọ́hun kẹ́ Ìyá Kéwú. Ṣùgbọ́n ohùn kan náà ni mo gbọ́."

"Tún un gbọ́."

"Mo ti gbọ́ ọ, Àlàájì."

"Níbi sín yẹn. Ó mú ṣáṣá."

"Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ohun tí wọ́n ní ó wà nínú àwo yìí tí kò sí nínú síídì, ó ga ju ibi tí etí ọmọ Ádámọ̀ dé lọ. Ọmọdé pàápàá kò lè gbọ́ ọ. Èmi àti ẹ̀yin tí a ń bi ara wa pé 'kí lo wí' ńkọ́? Àdán ló lè gbọ́ ọ."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Bàbá ní, "Ó dáa. Èmi ni àdán."

"Ó wúlò fún àwọn tó ń tún ohùn ṣe, ó ń fún wọn láàyè láti ṣiṣẹ́. Tó bá ti dé etí wa, kò sí ìyàtọ̀ mọ́. Àlàájì, ohun tó rọrùn ni. Kí Múnì lọ sẹ́yìn kọ́tìnnì, kó máa fi wọ́n sí i láìsọ èwo ni. Kẹ́ ẹ máa dárúkọ rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n, èmi á tọrọ àforíjì lójú gbogbo èèyàn."

Kàmọ́rù wà nínú pálọ̀. Mo rántí pé ó dìde, ó ní òun fẹ́ mu omi. Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí Bàbá fi sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó mi ni kí n fi ta tẹ́tẹ́?" ló bi Tíṣà. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ì bá parí síbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Tíṣà kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà níbikíbi tí wọ́n bá ti bi í, ó sì ń dé etí Bàbá. Nígbà tí wọ́n pàdé láti ṣètò wáàsí Ramadan, níwájú gbogbo àwọn àgbà wa, Bàbá ní etí Tíṣà Ṣùáíbù ti kú, ẹ̀rù sì ń ba òun kí ọkàn rẹ̀ má ti tẹ̀ lé etí náà. Ó ní ẹni tí kì í gba ohun tí kò lè fi ẹ̀rọ wọ̀n gbọ́, ṣé òun ló yẹ kó máa túmọ̀ Alùkùránì fún wa? Àlàájì Elétí ló sọ ọ́, nítorí náà wọ́n gbà á. Wọ́n gbé iṣẹ́ ìtumọ̀ fún ẹlòmíràn. Tíṣà wá sí wáàsí ọdún yẹn, ó jókòó sẹ́yìn lọ́dọ̀ bàtà tí àwọn èèyàn bọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò wá mọ́. Ọmọ rẹ̀ Nàfísátù, tí a jọ kéwú lọ́dọ̀ Ìyá Kéwú, pàdé mi, ó bi mí pé, "Ìwọ náà gbọ́ ìyàtọ̀ náà?" Mo ní, "Bàbá gbọ́ ọ." Ó ní, "Mi ò bi ọ́ ní ti Bàbá." Ó sì lọ.

Nígbà tí àìsàn mú Bàbá, ìyá mi ti padà sí Nàìjíríà. Èmi nìkan ni mo wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọjọ́ tí ara rẹ̀ yá díẹ̀, ó ní kí n wọ aṣọ, pé a ń lọ sí Mẹ́kà lọ kí Tíṣà. Inú mi dùn débi pé mo ṣe súyà ẹran sínú kúlà fún ìyàwó Tíṣà. Bàbá fúnra rẹ̀ ló wa dátsùn rẹ̀ àtijọ́. Nígbà tí a dé Bahra, tó wà láàárín Jẹ́dà àti Mẹ́kà, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn mẹkáníìkì wà.

"Bàbá, ṣé ọkọ̀ ló bàjẹ́ ni?"

"Ọkọ̀ kò ṣe nǹkan kan."

Ó ní kí wọ́n gbé tíì wá. Wọ́n gbé e wá, kò mu ún.

"Múnì, ọjọ́ tó o ní o ò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan."

"Ẹ̀n, Bàbá."

"Èmi náà ò gbọ́."

N kò mọ ohun tí mo sọ. Mo rò pé mo bi í pé ìgbà wo ló mọ̀.

"Ọjọ́ tí Kàmọ́rù gbé e wá gan-an ni mo fura. Ní ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ọ dáadáa. Lẹ́yìn bísímílà, ìlẹ̀kùn kan pa dé níbi tí Kàmọ́rù ti ń fi gbohùngbohùn dà á kọ. Kò sí nínú kásẹ́ẹ̀tì. Ó wà nínú àwo méjèèjì, níbì kan náà, bákan náà. Ṣé ìlẹ̀kùn lè pa dé bákan náà lẹ́ẹ̀mejì? Ọmọ kan náà ni. Aṣọ méjì ni Kàmọ́rù wọ̀ fún un."

"Kò sí àwo kíkúnná kankan?"

"Bóyá ó wà níbìkan láyé. Kò dé ilé wa rí."

"Kí ló dé, Bàbá? Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ní ẹ gbọ́ ọ?"

Àwọn mẹkáníìkì ń lu irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

"O mọ̀ pé mi ò kì í wo ojú èèyàn. Ọjọ́ yẹn, mo la ojú, mo wo Kàmọ́rù. Ojú rẹ̀ ni mo gbọ́, Múnì. Mi ò gbọ́ àwo."

Mo bi í nípa Tíṣà. Ó ní tí òun bá sọ ọ́ fún Tíṣà, òun ti tú Kàmọ́rù síta nìyẹn, òun kò sì lè ṣe é. Mo wá bi í nípa ara mi. Mo ní, "Ẹ ní etí mi á là. Ẹ rí mi tí mo kó àwọn ọmọ lọ." Ó ní, "Mo rí ọ." Ọkùnrin tó ní òun kò lè ta ọmọọmọ òun láéláé. Bahra ni mo ti mọ̀ pé ó ti tà mí tipẹ́, pé ojú mi ló ti ṣe é, n kò sì gbọ́ ọ.

Ó dìde, ó wọ ọkọ̀, ó yí i padà sọ́nà Jẹ́dà. Tíṣà kò mọ̀ nígbà náà pé a ti dé ìdajì ọ̀nà. Nígbà tí a ń wọ Ghulail, Bàbá pè mí. Ó ní, "Má sọ ọ́ nígbà tí mo bá wà láyé. Tí mo bá ti lọ, ìwọ lo ni etí rẹ."

Kò pẹ́ sí i tó fi kú. Jẹ́dà ni a sin ín sí, a sì ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ nínú pálọ̀ wa láìpariwo. Tíṣà Ṣùáíbù wá láti Mẹ́kà. Ó jókòó sẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, lọ́dọ̀ bàtà. Lẹ́yìn àdúà, Kàmọ́rù gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, ó ní òun fẹ́ kí àwọn èèyàn gbọ́ ohùn ìyá òun nínú àwo tí Bàbá fẹ́ràn jù. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Ó kọjú sí mi.

"Múnì, ìwọ lo bá a gbé. Sọ fún wọn bí Bàbá ṣe máa ń gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀."

Mo ti gbàdúà lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ tó ti kú. Wọ́n kọ́ mi pé ohun tí ẹ̀dá bá ṣẹ Ọlọ́hun, Ọlọ́hun lè forí jìn ín, ṣùgbọ́n ohun tó bá ṣẹ ẹlòmíràn, ọwọ́ ẹni náà ló wà. Ọwọ́ ọkùnrin tó jókòó lọ́dọ̀ bàtà yẹn ni ọ̀rọ̀ Bàbá wà. Kò sì lè yọ̀ǹda ohun tí kò mọ̀. N kò wo ojú Kàmọ́rù. Mo di ojú mi.

Mo ní, "Mi ò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan nínú méjèèjì rí."

Kàmọ́rù ní, "Bàbá gbọ́ ọ."

"Bàbá kò gbọ́ ọ, Bùrọ̀dá. Ó mọ̀ láti ọjọ́ kejì pé àwo kan náà ni. Ó sọ ọ́ fún mi ní Bahra, nígbà tí a ń lọ tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Tíṣà. A kò dé ibẹ̀."

Mo gbọ́ tí Kàmọ́rù mí sínú, bí ẹni tó fẹ́ mú bísímílà. Ó ní, "Wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn níbi iṣẹ́." Ó tún ní, "Ó mọ̀?" Lẹ́yìn náà, ó jáde, Hànífà sì tẹ̀ lé e, ó ń pè é. Àwọn àgbà kan bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wí, pé ibi àdúà Bàbá gan-an ni mo ti bọ́ ọ sí ìhòòhò. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ń sunkún, n kò sì lè sọ bóyá òun ni mo ń sunkún rẹ̀ àbí ara mi.

Mo ti yọ̀ǹda fún Bàbá lẹ́nu, lórí ìrun, lọ́pọ̀ ìgbà. Ọkàn mi ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo ti pe àwọn ọmọbìnrin náà padà, àwọn tó ṣì fẹ́ wá, mo sì ń gbọ́ lẹ́tà wọn.

Nígbà tí àwọn èèyàn lọ tán lọ́jọ́ náà, Tíṣà Ṣùáíbù ṣì jókòó. Ó dìde lọ́dọ̀ bàtà, ó wá jókòó sí àyè Bàbá, nítòsí ẹ̀rọ.

Ó ní, "Ẹ dé Bahra?"

"A dé Bahra, sà."

Ó mi orí títí. Ó ní, "Sálíù." N kò gbọ́ kó pè é láìsí Àlàájì rí. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Mo yọ̀ǹda fún un. Jẹ́ kí n gbọ́ ohùn Ìyá Kéwú."

Mo bi í pé èwo nínú àwo méjèèjì ni kí n fi sí i.

Ó ní, "Èyíkéyìí."

Mo na ọwọ́ sẹ́yìn, mo mú ọ̀kan. N kò wo èwo ni.